Shannon ni àbí Simpson? Bí ẹ ṣe máa yan òṣùwọ̀n onírúurú ẹ̀yà tó bá iṣẹ́ yín mu

Ó ṣòro kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí akẹ́kọ̀ọ́ kan má wá bá mi ní Agbowó, Ìbàdàn, pẹ̀lú ìbéèrè yìí. Shannon àti Simpson jẹ́ òṣùwọ̀n méjì tí a fi ń mọ bí onírúurú ẹ̀yà (species) ṣe pọ̀ tó níbì kan. Èyí tó dé kẹ́yìn ka ẹyẹ fún próójẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ṣí ìwé tí òjò ti pa síwájú mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, Shannon ni kí n lò ni àbí Simpson?” Mo ní kí ló fẹ́ mọ̀ nípa àwọn ẹyẹ náà. Ó ní, “Wọ́n ṣáà ní kí n ṣe diversity ni.”

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè tó ń dáhùn. Ẹni tí kò bá mọ ìbéèrè tirẹ̀, gbogbo nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà bá pọ̀ jáde ló máa kó sínú tábìlì kan, tí wọ́n bá wá bi í ní ọjọ́ ìgbèjà pé kí ni wọ́n ń sọ, á máa wo òkè.

## Ohun kan ṣoṣo tó yà wọ́n sọ́tọ̀

Ẹ fojú ìpàdé ẹbí wò ó. Bí ẹ bá ka iye ẹ̀yà lásán, ẹ̀yà tó ní orí kan ṣoṣo àti ẹ̀yà tó ní ogójì orí, ohùn kan náà ni wọ́n ní. Bí ẹ bá lo Shannon, bí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe máa wúwo tó, àmọ́ a ṣì ń gbọ́ ti àwọn kékeré. Bí ẹ bá lo Simpson, ariwo àwọn tó pọ̀ ló máa gba ilé kan. Àwọn tó ṣọ̀wọ́n wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ò tólẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹ máa kọ́kọ́ bi ara yín ni pé: nínú iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí, báwo ni mo ṣe fẹ́ kí ẹnu ẹ̀yà tó ṣọ̀wọ́n tólẹ̀ tó?

## Kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà

Ẹ yẹ nǹkan mẹ́ta yìí wò:

- Kí ni ẹ kà? Ṣé orí ni (ẹyẹ 12, ẹja 30), àbí bí ewéko ṣe bo ilẹ̀ tó, àbí “ó wà, kò sí” lásán, àbí DNA? Àwọn òṣùwọ̀n kan wà tí kò ṣeé lò bí kì í bá ṣe orí lẹ kà.
- Ṣé ìwọ̀n iṣẹ́ yín dọ́gba níbi gbogbo? Wákàtí mélòó, àwọ̀n mélòó, férémù (igun mẹ́rin tí a ń gbé sílẹ̀ láti ka ohun tó wà nínú rẹ̀) mélòó?
- Ṣé orúkọ tí ẹ kọ sílẹ̀ jẹ́ orúkọ ẹ̀yà kan ṣoṣo?

Mo máa dúró díẹ̀ lórí ìkẹta yìí, torí ó ń pa wá lára ju bí a ṣe rò lọ. Ẹ lọ sí etí omi, ẹ bi apẹja pé ẹja wo lo pa. Ó ní epìyà. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n nínú abọ́ kan náà, *Oreochromis niloticus*, *Sarotherodon galilaeus* àti *Coptodon zillii* lè jọ wà pọ̀, epìyà sì ni gbogbo wọn lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá kọ “epìyà 60”, ẹ ti sọ ẹ̀yà mẹ́ta di ọ̀kan, kò sì sí òṣùwọ̀n tó lè tú u padà. Òdì kejì rẹ̀ náà wà: akọ ẹ̀gà ní àwọ̀ ìyeyè tó ń tàn, abo rẹ̀ pọ́n ráúráú bí ológoṣẹ́, ẹni tí ojú rẹ̀ ò tíì mọ́ wọn lè pín ẹ̀yà kan sí méjì. Ẹ fi orúkọ sáyẹ́ǹsì sí i láti inú oko. Èyí tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fún un ní nọ́ńbà, kí ẹ má sì yí nọ́ńbà náà padà títí iṣẹ́ fi máa parí.

## Àpẹẹrẹ tí a máa fi ṣiṣẹ́

(Èmi ni mo hun àwọn nọ́ńbà yìí kí ìṣirò lè rọrùn. Ẹ má lọ kọ ọ́ sínú ìwé yín pé wọ́n kà á ní Ìbàdàn.)

Ká ní ẹ dúró létí omi Ẹlẹ́yẹlé ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ ka 50 ẹyẹ: ẹ̀gà 40, lékèélékèé 4, àdàbà 3, àwòdì 2, atíòro 1. Lọ́jọ́ kejì, ní wákàtí kan náà, ẹ lọ sí Agódì, ẹ ka 50: ẹ̀gà 14, lékèélékèé 13, àdàbà 12, ológoṣẹ́ 11.

Ibo ni onírúurú ẹyẹ pọ̀ sí jù? Ẹni tó ka iye ẹ̀yà máa ní Ẹlẹ́yẹlé ni, 5 sí 4. Ẹni tó lo Shannon máa ní Agódì ni, 1.38 sí 0.76. Simpson náà gbè sẹ́yìn Agódì, 0.75 sí 0.35 (1−D ni mo lò níbí; ẹ máa rí D fúnra rẹ̀ nísàlẹ̀). Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Ẹni tó ń wá igbó tí atíòro ṣì wà á mú èsì àkọ́kọ́. Ẹni tí ariwo ẹ̀gà ti di létí á mú èkejì.

## Ìṣirò rẹ̀ nínú Excel

Ẹ jẹ́ ká ṣe ti Ẹlẹ́yẹlé pọ̀.

1. Ẹ kọ orúkọ ẹyẹ sí A2 dé A6, kí ẹ kọ iye wọn sí B2 dé B6. Ní B7, ẹ kọ `=SUM(B2:B6)`. Ó gbọ́dọ̀ fún yín ní 50.
2. Ní C2, ẹ kọ `=B2/B$7`, kí ẹ fà á wálẹ̀ dé C6. Èyí ni ìpín ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí kò jẹ́ 1, ẹ dúró, àṣìṣe ti wọlé.
3. Ní D2, ẹ kọ `=C2*LN(C2)`. Ní E2, ẹ kọ `=C2^2`. Ẹ fa méjèèjì wálẹ̀.
4. Ní D8, ẹ kọ `=-SUM(D2:D6)`. Shannon nìyẹn: 0.756. Ẹ má gbàgbé àmì ìyọkúrò tó wà níwájú SUM.
5. Ní E8, ẹ kọ `=SUM(E2:E6)`. Ó máa jẹ́ 0.652. Èyí ni D ti Simpson: bí ẹ bá fojú dídì mú ẹyẹ kan, tí ẹ dá a padà, tí ẹ tún mú òmíràn, ìdá 65 nínú 100 ni àǹfààní pé ẹ̀yà kan náà ni méjèèjì.
6. Ẹ wá yí wọn padà sí iye ẹ̀yà. Ní D9, `=EXP(D8)`, ó jẹ́ 2.13. Ní E9, `=1/E8`, ó jẹ́ 1.53.

Ìgbésẹ̀ kẹfà yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, òun gan-an ló sì ń jẹ́ kí nọ́ńbà sọ èdè tí èèyàn gbọ́. 2.13 túmọ̀ sí pé Ẹlẹ́yẹlé, pẹ̀lú ẹ̀yà 5 tó ní, kò yàtọ̀ sí ibi tí ẹ̀yà bíi 2 péré wà, tí wọ́n pín ibẹ̀ lọ́gbọọgba. Nọ́ńbà Hill ni wọ́n ń pè wọ́n, orúkọ Mark Hill tó kó wọn sábẹ́ òrùlé kan ní 1973. Wọ́n tò báyìí, iye ẹ̀yà, Shannon tí a yí padà, Simpson 1/D:

- Ẹlẹ́yẹlé: 5, 2.13, 1.53
- Agódì: 4, 3.98, 3.97

Ẹ wo bí ti Ẹlẹ́yẹlé ṣe já wálẹ̀ láti 5 sí 1.53. Bó ṣe já yẹn ló ń sọ fún yín pé ẹ̀yà kan ti jẹgàba. Ti Agódì ò mira.

Kí ló dé tí mo fi ń pariwo pé kí ẹ yí i padà? Ẹ ronú igbó kan tó ní ẹ̀yà igi 20, tí gbogbo wọn pọ̀ bákan náà. Wọ́n gé e, ẹ̀yà 10 pòórá pátápátá, 10 tó kù ṣì pọ̀ bákan náà. Simpson 1−D á kúrò ní 0.95 bọ́ sí 0.90. Shannon á kúrò ní 3.00 bọ́ sí 2.30. Ẹni tó bá wo 0.95 àti 0.90 máa rò pé kò séwu, bẹ́ẹ̀ ìdajì ẹ̀yà inú igbó ti lọ. Nọ́ńbà Hill á sọ 20, á sì sọ 10.

## Èwo ni kí n wá mú?

Bó bá jẹ́ ẹ̀yà tó ṣọ̀wọ́n ló ká yín lára, bíi ẹni tó ń ka igi nínú igbó IITA (ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn) tàbí ọgbà ewéko Yunifásítì Ìbàdàn láti mọ ohun tó yẹ kí wọ́n dáàbò bò, iye ẹ̀yà ni kí ẹ mú. Ṣùgbọ́n kó má dá rìn o. Ẹ ka abala ìkìlọ̀ tó wà nísàlẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀yà kan ti gba ibì kan, bíi ewé tó bo ojú omi, kòkòrò tó ń jẹ kókó, tàbí ẹ̀fọn inú gọ́tà, ẹ mú Simpson 1/D. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tí àgbẹ̀ náà á lóye, òṣùwọ̀n Berger-Parker wà: ìpín ẹ̀yà tó pọ̀ jù lásán ni. Ní Ẹlẹ́yẹlé, 40 nínú 50, ìyẹn 0.80. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀gá kan ń fojú kékeré wò ó.

Bí ẹ ò bá fẹ́ gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, Shannon tí ẹ ti fi EXP yí padà ló wà láàárín.

Bí ẹ ò bá lè pinnu, ẹ kọ nọ́ńbà Hill mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ ya wọ́n sórí gíráàfù, ìlà kan fún ibì kọ̀ọ̀kan. Bí ìlà kan bá wà lókè èkejì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ibẹ̀ ni onírúurú pọ̀ sí jù, kò sí àríyànjiyàn. Bí ìlà méjèèjì bá gba àárín ara wọn kọjá, bíi ti Ẹlẹ́yẹlé àti Agódì yìí, ẹ ò lè sọ pé ibì kan ju ibì kan lọ láìsọ ojú tí ẹ fi wò ó. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe àbùkù.

## Ìkìlọ̀: ẹ má fi ọjọ́ 5 wé ọjọ́ 2

Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí rí. Labalábá ni mo kà fún próójẹ́ẹ̀tì tèmi. Mo lọ sí ibì kan ní àárọ̀ márùn-ún. Ibì kejì, òjò dé, owó ọkọ̀ tán, mo lọ lẹ́ẹ̀mejì péré. Mo wá kọ ọ́ gàdàgbà pé labalábá pọ̀ níbi àkọ́kọ́ ju ìkejì lọ. Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ mi fa ìlà pupa kan ṣoṣo gba orí gbogbo ojú ìwé yẹn kọjá, ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: “Ọjọ́ 5, ọjọ́ 2?” Kò kọ nǹkan míì. Mo tún orí kẹrin ìwé mi yẹn kọ látòkè délẹ̀.

Bí ẹ bá ṣe ń kà tó ni ẹ̀yà ṣe máa pọ̀ tó. Iye ẹ̀yà lásán ló sì ń jìyà rẹ̀ jù, Shannon tẹ̀ lé e, ti Simpson kéré. Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí:

1. Ẹ wo bí ẹ ṣe kà dé ibi tó yẹ tó. Ẹ ka iye ẹ̀yà tí ẹ rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ fi àpapọ̀ orí pín in, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 1. Ìwọ̀n ìkàdé nìyẹn. Ti Ẹlẹ́yẹlé: 1 − 1/50, ìyẹn 0.98. Ó dáa. Ọmọbìnrin tí òjò pa ìwé rẹ̀ yẹn, orí 63 ló kà, ẹ̀yà 19 nínú rẹ̀ ló rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tirẹ̀ jẹ́ 0.70. Ìyẹn ni pé nínú ẹyẹ 10 tó wà níbẹ̀, bíi 3 jẹ́ ti ẹ̀yà tí kò tíì fojú kàn. Mo ní kó gbàgbé Shannon àti Simpson ná, kó padà lọ ka ẹyẹ.
2. Ẹ jẹ́ kí ibi tó pọ̀ sọ̀kalẹ̀ wá bá ibi tó kéré. Rarefaction ni wọ́n ń pè é: bó bá jẹ́ pé ẹ ka 200 níbì kan, 80 níbòmíràn, ẹ máa ṣírò ẹ̀yà mélòó ni ẹ ì bá rí níbi àkọ́kọ́ ká ní 80 péré lẹ kà níbẹ̀. `rarefy` nínú vegan, àkójọ irinṣẹ́ kan fún ètò R, ń ṣe é. iNEXT, òmíràn nínú R, tún lè bá yín na ìlà síwájú, àmọ́ bó ti wù kó rí, ẹ má nà án kọjá ìlọ́po méjì iye tí ẹ kà.
3. Ẹ ṣírò àwọn tó sá pamọ́ fún yín. Chao1 ni ọwọ́ ń lọ sí jù. Ẹ mú iye ẹ̀yà tí ẹ rí lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi ìlọ́po méjì iye ẹ̀yà tí ẹ rí lẹ́ẹ̀mejì pín in, ẹ wá fi kún iye tí ẹ rí. Bí ẹ bá rí ẹ̀yà 20, tí 6 jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kan, tí 3 jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀mejì: 20 + 36/6 = 26. Ibi tó kéré jù tí iye náà lè mọ ni 26 yìí, ẹ má sọ pé iye gan-an nìyẹn.

## Àwọn àṣìṣe tí mò ń rí lójoojúmọ́

LOG dípò LN. Nínú Excel, LOG lásán ń lo ìpìlẹ̀ 10. Agódì kan náà máa fún yín ní 1.38 pẹ̀lú LN, 0.60 pẹ̀lú LOG, 1.99 bí ẹ bá lo ìpìlẹ̀ 2. Ẹnì kan ti fi 0.60 tirẹ̀ wé 1.38 inú ìwé ẹlòmíràn níwájú mi rí, ó ní ibi tòun ti bàjẹ́. Ibi rẹ̀ ò bàjẹ́. Ẹ kọ ìpìlẹ̀ tí ẹ lò sílẹ̀, kí ẹ sì wo ti ẹni tí ẹ ń fi ara yín wé.

“Simpson” láìsọ èwo. Orúkọ kan, nǹkan mẹ́ta. Ti Ẹlẹ́yẹlé: D jẹ́ 0.652, 1−D jẹ́ 0.348, 1/D jẹ́ 1.53. Bí D bá ń lọ sókè, onírúurú ń lọ sílẹ̀ ni. Àwọn méjì tó kù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú vegan, `simpson` ń fúnni ní 1−D, `invsimpson` ń fúnni ní 1/D. PAST, ètò ìṣirò kan lórí kọ̀ǹpútà, máa ń kọ D sábẹ́ Dominance.

“Shannon gbọ́dọ̀ wà láàárín 1.5 sí 3.5.” Ta ló pa á láṣẹ? Ohun tí wọ́n sábà máa ń rí ni, kì í ṣe òfin. Agódì tiwa yìí jẹ́ 1.38, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yà 4 kò lè ju 1.39 lọ láéláé, bí wọ́n tilẹ̀ pín in bí ẹní fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n.

Òdo. Bí ẹ̀yà kan ò bá sí níbì kan, LN á bínú, á kọ #NUM! sí i. Ẹ yọ ìlà náà kúrò nínú ìṣirò ibẹ̀. Ẹ má fi 1 dípò òdo. Mo ti rí i.

Pípa gbogbo férémù pọ̀ kí ẹ tó ṣe t-test (ìdánwò tó ń fi àròpín ibì méjì wéra). Bí ẹ bá pa férémù 10 pọ̀, nọ́ńbà kan ṣoṣo lẹ ní fún ibẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹ máa fi ṣe ìdánwò. Ẹ ṣírò férémù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Gbígbé ara lé J ti Pielou nìkan. Ó ń sọ bí ìpín ṣe dọ́gba tó: 0.47 ní Ẹlẹ́yẹlé, 0.997 ní Agódì. Àmọ́ iye ẹ̀yà wà nínú ìṣirò rẹ̀, bí ẹ bá pàdánù ẹ̀yà kékeré kan, ó ti yẹ̀.

## Bí kì í bá ṣe orí lẹ kà

- Koríko tàbí ewéko tí ẹ wọn bó ṣe bo ilẹ̀ tó: Shannon àti Simpson ṣiṣẹ́, torí ìpín ni wọ́n ń fẹ́. Chao1 àti rarefaction ò ṣiṣẹ́. Kò sí “ẹlẹ́ẹ̀kan” nínú ìdá ọgọ́rùn-ún.
- “Ó wà, kò sí”: iye ẹ̀yà, àti Chao2 (ìkejì Chao1 tó wà fún irú dátà yìí) bí ẹ bá ní férémù tàbí ọjọ́ púpọ̀. Shannon kò sí níbẹ̀, ẹ má fipá mú un.
- Bakitéríà láti inú DNA: ẹ ṣọ́ra fún Chao1. Àṣìṣe ẹ̀rọ sábà máa ń dà bí ẹ̀yà ẹlẹ́ẹ̀kan, àwọn ètò kan sì ń yọ gbogbo ẹlẹ́ẹ̀kan dànù kí dátà tó dé ọwọ́ yín. Shannon àti Simpson tí ẹ yí padà ló fọkàn balẹ̀ jù. Bí ìbátan ẹ̀yà bá ṣe pàtàkì, PD ti Faith ń ro gígùn ẹ̀ka igi ìran wọn pọ̀.
- Jíìnì, bíi ti ẹ̀gẹ́ tàbí ẹ̀wà: heterozygosity tí à ń retí (àǹfààní pé ẹ̀dà jíìnì méjì tí a mú yàtọ̀ síra), ìyẹn 1 tí a yọ àròpọ̀ ìpín ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Simpson ló tún pààrọ̀ aṣọ wá yẹn.
- Bó bá jẹ́ “ṣé ẹ̀yà ibí jọ ti ibẹ̀?” ni ìbéèrè yín: gbogbo ohun tí mo sọ lókè ò dáhùn rẹ̀. Ibì méjì lè ní Shannon kan náà láìní ẹyẹ kan tó papọ̀. Ẹ lo Jaccard. Ẹlẹ́yẹlé àti Agódì ní ẹ̀yà 3 papọ̀ nínú 6, ó jẹ́ 0.50. Bí ẹ bá fẹ́ kí iye orí wọ̀ ọ́, Bray-Curtis: 0.58, ìyẹn sì ń wọn bí wọ́n ṣe yàtọ̀, kì í ṣe bí wọ́n ṣe jọ.

## Ohun tí ẹ máa kọ sínú orí kẹta ìwé próójẹ́ẹ̀tì yín

Ẹ mú gbólóhùn yìí, kí ẹ fi tiyín dí àlàfo rẹ̀:

“A ka orí ___ ní ibi ___, ọjọ́ ___ ní ibì kọ̀ọ̀kan, wákàtí ___ lójúmọ́. A lo nọ́ńbà Hill mẹ́ta: iye ẹ̀yà, Shannon tí a fi EXP yí padà (LN ni a lò), àti Simpson 1/D. A fi rarefaction mú gbogbo ibi sọ̀kalẹ̀ sí orí ___ kí a tó fi wọ́n wéra. Ìwọ̀n ìkàdé ibi tó kéré jù lọ jẹ́ ___.”

Bí àlàfo tó kẹ́yìn yẹn bá wà nísàlẹ̀ 0.80, ẹ ra bisikíìtì àti omi, ẹ padà sí oko.